Ọmọ Tí Mo Lé Padà Sójú Ìjà

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọjà tú mọ́ wa lórí ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to òwú àti abẹ́rẹ́ tí mò ń tà sórí àtẹ ni ìgò àkọ́kọ́ fọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní ìjà ọmọọ̀ta lásán ni. Ẹ dákẹ́ jàre. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ogun ni.

Ọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù ló dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa àti ti òdìkejì títì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi tilẹ̀kùn mọ́rí. Gààrí là ń mu, kànga ò ṣeé lọ. Bí ariwo bá rọlẹ̀ díẹ̀, mo ti dìde, mo ti jókòó, mo tún ti dìde. Ràfíù ọmọ mi wà nínú ìjà náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òun sì ni ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ tiwa.

Súlè wà nínú yàrá mi. Ọmọ Sìdí ni, ọ̀rẹ́ mi tí àtẹ wa jọ fara kanra lọ́jà. Òdìkejì títì ni ilé wọn. Ìjà ló há a mọ́ ìhà tiwa. Mo ti búra pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Ràfíù dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

"Màámi, wọ́n ní Súlè wà níbí."

"Ràfíù, ọmọ Sìdí ni. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ kúrò lọ́nà."

"O ò ní wọlé."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n padà lọ nà án nígbà tí mo wà ní kékeré. Àbí ẹ̀yin kọ́?"

Èmi ni. Ọmọ ọdún méje ni Ràfíù nígbà tí Súlè nà án, tó fẹkún wálé. Bí a ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn: ọmọ tó bá sunkún wálé látojú ìjà, ìyá ẹ̀ á tún nà án, á lé e padà. Mo fi ọmọrogùn gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní kó má wọlé mi bí kò bá borí. Àwọn ọmọdé kó yẹ̀pẹ̀ jọ lókìtì méjì, wọ́n ní èyí ni ọmú ìyá Súlè, èyí ni ọmú ìyá Ràfíù. Súlè fẹsẹ̀ tú tèmi ká. Ọmọ mi fò mọ́ ọn, ó gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo pàtẹ́wọ́. Mo dín ẹyin fún un. Bàbá ẹ̀, tó máa ń lù mí níṣojú ẹ̀, kò yìn ín rí àfi lọ́jọ́ yẹn. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Mo yàgò fún un. Kí n má parọ́ fún yín. Ẹ̀rù ọmọ tí mo bí bà mí, mo sì yàgò.

Súlè ò kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ẹ̀ ò gbé nǹkan mọ́ títí dòní. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìlú dákẹ́, kìkì ìró ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá àfọ́kù ìgò là ń gbọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Sìdí.

Ó ní, "Dìde. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà, mo sùn."

Mo kó àtẹ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojú ń tì mí.

Ràfíù sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó. Kì í mutí, kì í jalè. Mo lọ kí wọn lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ń ṣeré, wọ́n ń pariwo, inú mi ń dùn. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà bàbá wọn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn dákẹ́.

Èmi náà dákẹ́.