Orúkọ Tí Ìbíjọkẹ́ Gé Kúrò Lórí Orin

Nígbà tí fóònù tó ń kọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ tolówó tòtòṣì, kò sí ẹni tó ń gba Ketu lọ sí Mile 12 tí kò mọ Ìbíjọkẹ́. Ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré kan ló ní lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ọjà. Ó ń bá èèyàn ṣáàjì fóònù, ó sì ń kó orin sínú mẹ́mórì fún wọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn pọ̀ bí eṣú nígbà náà, àmọ́ orin kan náà ni gbogbo wọn ní, èyí tí rédíò ti lò gbó. Ti Ìbíjọkẹ́ yàtọ̀. Etí ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ.

Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, á ti wà ní kafé tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ikosi. Ibi tí àwọn ọmọ tí kò tíì ní máàkẹ́tà tó máa bá wọn ta àwo ń gbé orin wọn sí ló máa ń lọ, àwọn tó jẹ́ pé inú yàrá ni wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀, tí wọ́n wá ń bẹ aráyé pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ wa. Kì í dúró wo àwòrán wọn, nítorí àwòrán a máa jẹ àsìkò téèyàn fowó rà. Orin nìkan ló ń tọ́ wò, bí ẹní ń tọ́ ọbẹ̀. Èyí kò níyọ̀. Èyí ata rẹ̀ pọ̀ jù. Tó bá wá kan èyí tó dùn, á mi orí, á gbé e sínú fláàṣì, ó di Ketu.

Àṣà kan sì wà láàárín àwọn tó ń kó orin sí fóònù yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí orin ló ni ín. Wọ́n á gba ohùn ara wọn sílẹ̀, wọ́n á fi síwájú orin náà, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lè mọ ṣọ́ọ̀bù tó ti jáde. Ibi tí wọ́n ti rí i, wọn kì í sọ, bí ọdẹ kì í ti í júwe ihò òkété fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2008 ló rí orin Ládé. Ọmọkùnrin kan ní Mende ni Ládé, gìtá kan àti ohùn lásán ló fi kọ ọ́, kò sí nǹkan míì. Ó ń bá ọmọbìnrin kan tó kó kúrò ládùúgbò láì dágbére wí, ó ní fèrèsé rẹ ṣí sílẹ̀, aṣọ rẹ ò sí lórí okùn mọ́. Ìbíjọkẹ́ gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ tirẹ̀ náà ti jáde nílé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn pé òun ń lọ Cotonou, kò sì tíì padà títí di bí a ṣe ń wí yìí.

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sọ̀rọ̀: "Ládé ọmọ Mende nìyí o. Tẹ́ ẹ bá gbádùn ẹ̀, ẹ bá mi sọ orúkọ mi fún ẹlòmíì." Ibẹ̀ gan-an ni Ìbíjọkẹ́ gé kúrò. Ó fi tirẹ̀ síbẹ̀: "Ìbíjọkẹ́ Ketu ló gbé e dé." Èyí tó gé náà ló sì tọ́jú, kò fi odindi rẹ̀ pamọ́.

Orin yẹn jà. Àwọn alábàárù tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì ń kọ ọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ata bọ̀ láti Òkè Ọya ń kọ ọ́, wọ́n ń dá Yorùbá rẹ̀ lápá dá a lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọge ń gbé mọ́tò wá láti Magodo wá gbà á. Orin Ìbíjọkẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì dùn mọ́ ọn dé ọ̀kan àyà. Obìnrin tí kò bímọ, tí ọkọ sá fi sílẹ̀, tí wọn ò kí dáadáa tẹ́lẹ̀, òun ni orin wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí.

Ajarat tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló bi í léèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kò sì nílẹ̀kùn. Ó ní ta ló tiẹ̀ kọ orin yìí gan-an? Ìbíjọkẹ́ ní ọmọ kan báyìí ni.

"Ọmọ ọlọ́mọ lo sọ lórúkọ yìí o. Tí ìyá ẹ̀ bá dé ńkọ́?"

"Ìyá ẹ̀ ò mọ Ketu."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ló dé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dé, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí ọjà kún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, ó sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun gbọ́ orin kan nínú fóònù kọ̀ńdọ́ kan, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Aunty ló ti wá. Ìbíjọkẹ́ rò pé oníbàárà ni, ó tẹ̀ ẹ́ fún un. Nígbà tí ohùn Ìbíjọkẹ́ jáde níbi tó yẹ kí tirẹ̀ wà, ojú ọmọ náà yí padà, àmọ́ kò bínú.

"Aunty, èmi ni mo kọ orin yẹn. Èmi ni Ládé."

Ó ní òun ò wá gba owó. Ilé ti ní kí òun palẹ̀ mọ́, kí òun lọ bá àbúrò bàbá òun ní Ṣàgámù níbi tó ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ òun mọ́ orin. Tí Aunty bá lè dá orúkọ òun padà síwájú rẹ̀, kí ìyá òun gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà, ó ti tó.

Àwọn alábàárù tó ń dúró de fóònù wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Muideen, tó mọ yẹ̀yẹ́ í ṣe, ní òun náà lòun kọ́ afárá Third Mainland. Wọ́n ní kó kọ ọ́ kí àwọn gbọ́. Ọmọ náà fọ ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀, láìsí gìtá, nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀. Ojú tì í, kò lè parí rẹ̀. Wọ́n ń hó lé e lórí pé olè orin.

Ṣùgbọ́n Ìbíjọkẹ́ ti mọ̀ látìgbà tó ti lanu. Bó ṣe ń fa "fèrèsé" títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ẹlòmíì kan ò lè fà á bẹ́ẹ̀. Muideen kọjú sí i.

"Aunty, òun ni àbí òun kọ́?"

Gbogbo ojú ń wò ó. Tó bá ní òun ni, orin ti kúrò ní ti Ìbíjọkẹ́ nìyẹn, ó tún di obìnrin tó ń ṣáàjì fóònù.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí. "Ẹni tó kọ tèmi wà lókè òkun."

Ládé wò ó. "Aunty, ẹ mọ̀ pé èmi ni." Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà tí kò lọ́. Nígbà tó máa gbójú sókè, ọmọ náà ti wọ inú èrò.

Ajarat yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí i títí ọjà fi tú. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìbíjọkẹ́ sáré lọ sí kafé, ó fẹ́ mú odindi orin náà pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà, ó sì fẹ́ wá nọ́ńbà rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó pe George tó ni kafé. George wá a títí lórí kọ̀ǹpútà, ó ní olórin náà ló pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó wá kù láyé ni èyí tí Ìbíjọkẹ́ gé, ìyẹn sì ti wọ fóònù èèyàn rẹpẹtẹ. Ta ló fẹ́ lọ gbà á padà lọ́wọ́ wọn?

Ó wá ọmọ náà dé Mende. Ó ń béèrè láti ojúlé dé ojúlé títí wọ́n fi júwe ìyá rẹ̀ fún un, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì àti ṣúgà níwájú ilé. Ládé ti lọ Ṣàgámù. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi kan bò. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò pẹ́ tó fi padà.

"Ó ní kẹ́ ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní tiyín ni."

Ìbíjọkẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun bá a sọ̀rọ̀. Ìyá náà ní ọmọ ti gé fóònù, ó ní sìmẹ́ńtì tí òun ń pò á gan. Ó fa àga kan fún un, òun náà jókòó, ó ń to búrẹ́dì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Èmi ò gbọ́ ọ rí," ló wá wí. "Tó bá ti mú gìtá, mo máa ń ní kó lọ bá mi pọnmi. Ṣé ó dùn?"

Fóònù wà nínú báàgì Ìbíjọkẹ́, orin wà nínú fóònù, ohùn tirẹ̀ sì wà níwájú orin. Kò lè mú un jáde.

"Ó dùn, ma," ló dáhùn.