Àbùlẹ̀ Lára Apá Bàálù

"Má mí," ni Bàbá wí, mo sì dá èémí mi dúró. Ọ̀pá tùràrí kan wà lọ́wọ́ mi, iná orí rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo ń rọra mú un súnmọ́ òwú tín-ín-rín kan tí a ta láàrin apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ bàálù kékeré tó wà lórí tábìlì. Òwú náà dẹ̀, ó rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín bí okùn ìsáṣọ tó ti gbó. Bí ooru iná náà ti kàn án, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sún kì, ó sì nà gbọnrangandan. Bàbá fi èékánná ta á wò. Ó dún tín. Bí kì í bá ṣe pé àwọn tó ń fi ayùn la pákó lódìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró láti mu tíì ni, a kì bá tí gbọ́ ọ.

"Ó ti le," ni ó wí. "Mú òmíràn."

Ìsọ̀ Bàbá wà ní ọjà Katako nílùú Niamey, láàrin àwọn oníṣẹ́ pákó àti àwọn tó ń lu páànù àlòkù di korobá àti àdògán. Láti àárọ̀ ni ariwo òòlù ti máa ń bẹ̀rẹ̀, títí tí etí èèyàn á fi gbà á mọ́ra. Òórùn ibẹ̀ ṣì wà nímú mi dòní: lẹ́bú igi, irin gbígbóná, ẹran tí àwọn Hausa ń sun lẹ́bàá ọ̀nà, àti gọ́ọ̀mù tí Bàbá máa ń gbé kaná nínú agolo mílíìkì. Bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn àti àpótí ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Zarma, onílùú ibẹ̀, tó ń kọjá á kí i pé "fofo", òun náà á dá wọn lóhùn láìgbé ojú sókè, pẹ́ńsùlù létí, orógbó lẹ́nu.

Bàbá ni gbogbo àwa Yorùbá ọjà náà ń pè é, n kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn níbí. Ọ̀yọ́ ló ti wá, kí wọ́n tó bí mi rárá. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ìlà kejì. Bí mo bá ti kúrò nílé ìwé, ìsọ̀ Bàbá ni mo máa ń jókòó sí títí tí màmá mi yóò fi kó ọjà rẹ̀ wọlé, tí a ó sì wọ takisí gba orí afárá lọ sí Harobanda níbi tí à ń gbé.

Ohun kan wà tí n kò fi bẹ́ẹ̀ rò lọ́mọdé. Màmá mi kì í wọ ìsọ̀ Bàbá. Á kúnlẹ̀ kí i níta, á fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ ọdún, á sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Èmi kò mọ bàbá tó bí mi. Mo ṣì wà lẹ́nu ọmú nígbà tó kú. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílé wa, èyí tó yà níwájú aṣọ kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, tí wọ́n ya òdòdó sí. Ó dúró gan-an bí ẹni tí wọ́n ní kó má ṣe ṣẹ́jú. Bí mo bá bi màmá mi léèrè nípa rẹ̀, á ní èèyàn dáadáa ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, kódà aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni bàbá mi ṣe wà nínú orí mi bí aláìlóhùn, aláìlóòórùn, ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kankan rí ju kó dúró síwájú òdòdó lọ.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé lọ́dún náà nígbà tí mo rí i pé ohun tí Bàbá ń gbẹ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tó yọ lára àpótí ẹrù. Ó gbẹ́ apá gígùn kan, ó gbẹ́ òmíràn tó kúrú díẹ̀, ó sì fi ọ̀pá kéékèèké gbé ọ̀kan lé ọ̀kejì lórí. Páànù agolo ló fi ṣe abẹ̀bẹ̀ tó wà nímú rẹ̀, ìdérí ìgò ló fi ṣe táyà. N kò rí irú bàálù bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tí mo mọ̀, tó máa ń gba orí ilé wa kọjá, apá kan ṣoṣo ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní ẹni tó ni ín mọ ọ̀nà ìsọ̀ òun. Mo rò pé ọmọ olówó kan ni.

Nígbà tó fi ọ̀dà fàdákà kùn ún, tí oòrùn ràn sí i, ó ń tàn yanran. Mo jókòó tì í títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé láti ilé ìwé, mo bá Bàbá tó ń lọ èédú. Ó pò ó mọ́ kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú, ó ti búrọ́ọ̀ṣì gbígbó bọ̀ ọ́, ó sì fà á gbọọrọ lára ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bàálù náà láti imú dé ìrù. Ó fi àkísà nu díẹ̀ kúrò, ó tún kùn ún. Omi bọ́ lójú mi.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́."

Kò bá mi wí. Ó fa àpótí kan wá, ó ní kí n jókòó. Ó tọ́ka sí ibi tó dọ̀tí náà.

"Bàálù tí mo mọ̀ kò mọ́ rí. Níbí yìí ni èéfín ti ń jáde. Láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ, bàbá rẹ á ti fi àkísà nù ún títí á fi tàn. Kó tó di ọ̀sán, òróró á tún ti ṣàn lé e. Bàbá rẹ á bú u bí ẹni ń bú ewúrẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ pé bàbá mi di nǹkan mú lọ́wọ́.

Ó wá sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ó ní nígbà tí eṣú ń jẹ oko run, bàálù kan wà tó máa ń fò sílẹ̀sílẹ̀ lórí pápá láti fọ́n oògùn. Aṣọ ni wọ́n fi bo igi àti irin apá rẹ̀, aṣọ náà a sì máa ya bí ẹ̀gún tàbí òkúta bá ta bá a. Wọ́n wá télọ̀ tó lè rán an. Bàbá mi, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n rí. Wọ́n wá káfíńtà, wọ́n sì rí Bàbá. Inú àgọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn nínú igbó, wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò sunkún nítorí ìdọ̀tí mọ́. Èmi ni mò ń bèèrè pé kí ló kàn. Bàbá sẹ́ erùpẹ̀ pupa gba inú aṣọ, ó fẹ́ ẹ sí abẹ́ bàálù àti ara táyà, nítorí pé orí ilẹ̀ lásán ló máa ń bà sí, bàbá mi á sì sáré jáde nínú eruku náà, á máa wúkọ́, á máa rẹ́rìn-ín. Ó pò ọ̀dà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó kán an sí abẹ́ apá ìsàlẹ̀, níbi tí oògùn ti máa ń ro. Ó ha ọ̀dà orí apá òkè títí tó fi ṣá, nítorí oòrùn. Lábẹ́ apá yẹn ni bàbá mi máa ń sùn lọ́sàn-án, tí á máa kọrin kó tó sùn. Bàbá ní ohùn rẹ̀ kò dára rárá. Ó fi àtàǹpàkò ha ibì kan lára apá ìsàlẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń tẹ̀ gun òkè, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kó tẹ̀. Awakọ̀ bàálù náà pariwo lé e lórí títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Nígbẹ̀yìn, ó gé aṣọ funfun pénpé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òkè. Ó ki orí abẹ́rẹ́ bọ yíǹkì, ó sì fi tọ ipa rírán yí i ká. Àwọn ipa náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Gbogbo wọn tẹ̀ sí ìhà kan.

Ibẹ̀ ni agbára ojú rẹ̀ mọ. Okùn tó máa ń so apá méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má baà mì wọ́n ló kù, kò sì lè rí ihò tí a ó fi wọ́n bọ̀. Ó kó òwú rọ́bà tí àwọn apẹja Odò Ọya ń lò jáde, ó ní ìka mi ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi òwú bọ ihò, kí n ta kókó, kí n kán gọ́ọ̀mù sí i, kí n sì fi ooru tùràrí fà á le. Mo fi iná súnmọ́ ọ̀kan jù, ó já. Bàbá kàn gé òmíràn lé mi lọ́wọ́. Bí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun lọ sí Ọ̀yọ́ nítorí ojú òun, òun kò sì fẹ́ lọ kí bàálù náà tó délé ẹni tó ni ín. Ìgbà náà ló tó yé mi pé èmi ni.

Nígbà tí okùn tó kẹ́yìn le tán, ó ní kí n lọ pe ìyá mi. Mo ní kò ní wọlé. Ó ní kí n ṣáà lọ pè é.

Màmá mi wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí iṣe rẹ̀. Bàbá ní, "Ìyàwó, wọlé." Ó dìde, bóyá láti ṣàwáwí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí tábìlì. Ó wọlé. Ó wo ẹ̀gbẹ́ tó dúdú fún òróró, ó wo táyà eléruku. Nígbà tó dé orí àbùlẹ̀, ó fi ìka kan tọ ipa rírán náà yí ká.

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó fi ń ránṣọ nìyí," ni ó wí.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò rí aṣọ ká. Ó wá bèèrè pẹ̀lú ohùn tí n kò mọ̀ mọ́ ọn pé, "Bàbá, kí ló sọ kó tó kú?"

Mo gbọ́ ìyókù lẹ́yìn náà lẹ́nu màmá mi fúnra rẹ̀. Ibà ló pa bàbá mi nínú igbó, níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, Bàbá ló sì gbé ẹrù rẹ̀ wálé. Lọ́jọ́ náà, màmá mi kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán; ó sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Látìgbà náà, ẹ̀rù ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà á, kò sì lè dúró ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá yọ fìlà rẹ̀. "Ó béèrè bóyá ọmọ ti ń rìn. Mo ní ó ti ń rìn. N kò mọ̀, ìyàwó. Mo kàn sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni."

Màmá mi sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Nígbà tó ṣe, ó fi ìborùn nu ojú.

"Ẹ kò purọ́," ni ó wí. "Ó ti ń rìn. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ padà sígbó yẹn ló gbẹ́sẹ̀."

Bàbá wulẹ̀ ń mi orí, ó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù wúwo kúrò léjìká rẹ̀ tí èjìká náà kò tíì gbà gbọ́.

A kò wọ takisí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màmá mi ní ká fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá. Mo gbé bàálù náà dání, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ láti orí odò, abẹ̀bẹ̀ páànù náà ń yí, àwọn okùn tí mo ta ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá mi ń sọ̀rọ̀. Ó sọ bí bàbá mi ṣe máa ń jẹ ẹ̀wà jíjóná láìṣàròyé, bí ó ṣe rán aṣọ ìsọmọlórúkọ mi tó tóbi jù mí lọ nítorí pé kò mọ bí ọmọ ṣe ń kéré tó. Títí tí a fi dé Harobanda, kò dákẹ́.

Àwọn ọmọ Bàbá wá mú un lọ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. N kò tún fojú kàn án mọ́. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé ọjà, mo ti dàgbà, mo sì lọ dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tó ti di ti ẹlòmíràn. Bàálù náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù màmá mi. Eruku ilé ti bo eruku tí Bàbá fẹ́ sí i, a kò sì mọ èwo ni èwo mọ́. A kì í nù ún.

Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà nínú ọkàn mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó lè fún mi ní bàbá tó ń tàn yanran, tí n kò ní lè súnmọ́. Èyí tó fún mi ni èyí tó ń wúkọ́, tó ń kọrin burúkú, tó ń tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀. Ó fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún un ṣe é.

Bí ẹnì kan bá kú láàrin àwa Yorùbá Niamey báyìí tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, mo máa ń lọ. Bí àwọn àgbà bá ti sọ fún ọmọ náà tán pé èèyàn dáadáa ni òbí rẹ̀, màá fa àpótí kan súnmọ́ ọn, màá sì sọ bí ẹni náà ṣe máa ń sín, ohun tó máa ń bínú sí, ibi tí bàtà rẹ̀ ti máa ń jẹ. Àwọn kan rò pé kò bójú mu. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tí ọmọ náà á gbé ojú sókè, tí á sì ní kí n máa bá a lọ.