Èmi àti Múdà, láti Òkun dé Òkun

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Múdà wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham, ní London, lọ bá reluwé, a di ẹrù sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Ibi tí à ń lọ ni St Bees, abúlé etíkun kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ni a ó ti fẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ náà já dé òkun tó wà ní ìlà-oòrùn, nǹkan bí igba máìlì ó dín mẹ́wàá. Àwọn òyìnbó ń fi ìrìn yìí gbádùn ara wọn. Nílé tiwa, ẹni tó bá dán an wò láìjẹ́ pé mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́, ẹbí á pe ìpàdé lé e lórí.

Èrò Múdà ni, kì í ṣe tèmi. Ogún ọdún la jọ fi wa bọ́ọ̀sì ní Walworth Road. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbéra mọ́. Ó tún ìrìn kọ́ bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo èèyàn ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń fà á lọ́wọ́ sọdá títì. Ó sú u. Ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí tán, kí òun lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti padà di tòun. Èmi tẹ̀ lé e nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé gaàrí.

Ní St Bees, a ti bàtà bọ omi òkun, a sì mú òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sápò. Àṣà àwọn tó ń rin ọ̀nà náà nìyẹn: tí wọ́n bá dé òkun kejì, wọ́n á jù ú sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún la fi rìn. Odi oko ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní "stile", àkàbà kékeré tí èèyàn lè gùn kọjá tí àgùntàn ò lè gùn. Múdà á fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọjá, á ní kí n má fọwọ́ kan òun. Ife tíì kan jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta ààbọ̀ láàárín oko, tí màlúù tó ni wàrà rẹ̀ sì ń wò wá. Ní àwọn ilé àlejò, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú wa láràárọ̀. Múdà á ti tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi, èmi náà ò sì jẹ́ kó ṣòfò.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni mo ba nǹkan jẹ́. Ó ku nǹkan bíi máìlì mẹ́rin, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá abúlé Hawsker, ni òjò dé. Mọ́tò kékeré kan dúró. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ń wà á, yóò ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní ká wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àgbàlagbà dúró nínú òjò nítorí yín, ẹ ó wá ní rárá? Mo tẹríba, mo dúpẹ́, mo ti jókòó kí n tó rántí ohun tí a bá wá. Múdà wò mí, ó wo ìyá náà, òun náà ò lè kọ̀ fún àgbà. Kò pẹ́ rárá, a ti dé Robin Hood's Bay, ibi tí ìrìn náà parí sí, òkun wà nísàlẹ̀.

Múdà kò sọ̀kalẹ̀. Mo ní ṣebí a ti dé, ta ló máa mọ̀?

"Táyé, ẹsẹ̀ mi máa mọ̀," ó ní. "Since tí mo ti ní stroke yẹn, everybody ló ń gbé mi. Mo rìn títí débí, wọ́n tún wá gbé mi dé ẹnu ọ̀nà."

Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ ìyá náà kó dá wa padà, mo ṣàlàyé títí, pé àwa kì í sọ fún àgbà pé rárá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kàn béèrè ni, ká ní a kọ̀, òun ì bá máa bá tòun lọ láìbínú. Ó yí mọ́tò padà, ó gbé wa lọ síbi tó ti rí wa. Múdà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, títí ó fi rí ojú ibi tí ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ rìn ti wọ inú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ló fẹsẹ̀ òsì tẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta la fi rin ìyókù lórí òkè etíkun. Múdà ju òkúta rẹ̀ jìnnà sínú omi, tèmi ò kọjá ẹsẹ̀ ajá kan tó ń ṣeré níbẹ̀. Mo gbá a mọ́ra. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, reluwé gbé wa dé King's Cross, bọ́ọ̀sì 63 sì gbé wa dé Peckham. Ìyàwó Múdà, Ìyá Kúdí, ti ń dúró dè wá nísàlẹ̀ ilé wọn. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Ó di ilẹ̀kùn lífítì mú, ó ní kí Bàbá Kúdí tètè wọlé kó lọ sinmi.

"Rárá, ẹ ṣé," Múdà dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀."

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti lò láyé kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè kọ oore láìkọ ẹni tó ṣe é. Èmi wọ lífítì ní tèmi, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nígbà tí a dókè, a gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan wúwo, èkejì fúyẹ́. Ìyá Kúdí fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ dì í mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀." Ó káwọ́ gbera, a sì jọ dúró dè é.