Ẹṣin Tí Kò Fẹ́ Agbádá

Ẹṣin náà tẹ orí ba, ó ká ẹ̀yìn kò bí ológbò, ó sì ta ìdí sókè. Bọ̀ọ̀dá Rájí fò kọjá lórí ọrùn rẹ̀ tòun ti agbádá, ó balẹ̀ gbì síbi tí omi aró Ìyá Sílífátù ti ń ṣàn kọjá. Aṣọ funfun ló wọ̀ gùn ún. Nígbà tí yóò fi dìde, ó ti di aláró. Àwọn kan nínú agbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ké "Subuhánà!" Bàbá ìyá mi nìkan ni kò wo ẹni tó ṣubú. Ẹṣin ló ń wò.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, nílé onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ọlidé ni ìyá mi máa ń rán mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ l'Óṣogbo. Iṣẹ́ bàbá yìí ni kó máa tọ́jú ẹṣin tí Àlájì Bùsàrí, olórí agbo ilé wọn, ń gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá, torí orúnkún Àlájì kò gba ìrìn mọ́. Ẹṣin àtijọ́ ti kú. Ìlọrin ni wọ́n ti ra èyí, Bàbá sì ti gùn ún jálẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, Rájí, àbígbẹ̀yìn Bàbá, gbé agbádá Àlájì wọ̀ láti dán an wò. Ohun tó dé nìyẹn.

Àlájì sọ̀rọ̀ sí Bàbá látorí àga rẹ̀. "Àbúrò, tí nǹkan yìí ò bá fara balẹ̀ kí Iléyá tó dé, dá a padà sí Ìlọrin. Mọ́tò ni n óò gbé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń gbé mọ́tò."

"Mo ti gbọ́, Àlájì."

Ṣùgbọ́n kò tú ìjánu sílẹ̀. Ẹṣin kan ṣoṣo tó kù nínú agbo ilé náà nìyẹn. Tí wọ́n bá mú un lọ, kí ni Bàbá yóò máa jí sí?

Ó tú gàárì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹṣin náà díẹ̀díẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀ wò. Kò sí egbò. Ó ní kí Rájí bọ́ agbádá, kó tún un gùn. Jẹ́jẹ́ ni ẹṣin ń rìn. Bàbá bá jókòó sórí odó, ó mú etí agbádá náà, ó gbọ̀n ọ́n. Ó dún pàràpàrà. Etí ẹṣin náà sì lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ gbọ́, nínú agbo ilé yẹn, aṣọ Yídì kò gbọdọ̀ má jẹ́ lílù. Ìyá Sílífátù á kì í sínú sítáàṣì, á fi kùmọ̀ lù ú lórí ìtì igi títí á fi máa dán, tí á sì le bíi bébà. Bẹ́ẹ̀, dàńṣíkí gbígbó kan ni Bàbá ń wọ̀ gun ẹṣin ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣì í kọ́," ó ní. "Mo kọ́ ọ lọ́nà, mi ò kọ́ ọ láṣọ."

Rájí ti mú pàṣán wá. "Ẹ jẹ́ n nà án, Bàbá, orí rẹ̀ á wálé."

"Ẹ̀rù ló ń bà á. Tó o bá nà án, ìwọ náà á kún ohun tó ń bẹ̀rù."

Láti ọjọ́ náà, agbádá lílù ni Bàbá ń wọ̀ kó ìgbẹ́ ẹṣin láàárọ̀. Ìyá Sílífátù kò jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ kú ìnáwó o! Ta lẹ fẹ́ gbé níyàwó nínú ìgbẹ́ yẹn?"

"Ìwọ ṣáà máa lu aṣọ rẹ. Tó bá tún le ju báyìí lọ, a ó máa fi ṣe ilẹ̀kùn."

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé igbá èèrí ọkà bàbà dání. "Ọmọ òṣómàáló," ni Bàbá ń pè mí, "lóṣòó síbẹ̀. Àwọn baba rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè títí á fi jáde." Òórùn èèrí àti ti awọ gàárì ṣì wà nímú mi. Bàbá á gbọ̀n aṣọ lókèèrè. Tí ẹṣin bá fà sẹ́yìn, á dúró. Kò ní sún mọ́ ọn, kò sì ní kúrò. Tó bá padà wá jẹun, á tún gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá, apá agbádá ń fẹ́ lu ìhà ẹṣin náà, òun sì ń jẹun lọ. Ìgbà náà ni Bàbá gùn ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká, Bàbá rọra fa orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́ kó máa yí po lójú kan. Ó yí títí, ó fọn imú, ara rẹ̀ sì rọ̀.

Lọ́jọ́ Iléyá, bí a ṣe ń jáde sí títì, tí Àlájì wà lórí ẹṣin, atẹ́gùn gbé agbádá rẹ̀ gba orí ẹṣin kọjá. Ẹṣin náà dúró gbagidi. Bàbá gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, gbogbo wa sì dúró de ẹṣin kan. Nígbà tó wù ú, ó gbé ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ Àlájì kalẹ̀ ní Yídì, ó ní, "Àbúrò, jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa gbé mọ́tò wọn."

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Ikú Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi kò tíì pé ọdún. Wọ́n mú Ìbùkún, ọmọ rẹ̀, wá bá mi n'Íléṣà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, á ta á nípàá, á da abọ́ oúnjẹ nù. Màmá Dúpẹ́ tó ń gbé kọjú sí mi ní, "Màmá, ẹ fún un lẹ́gba." Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ẹ̀gúsí mi lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ń bó o. Tó bá pariwo, màá dáwọ́ dúró. Tó bá dákẹ́, màá máa bó o lọ. Lánàá, ó jáde wá, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan orúnkún mi. Omi ojú mi ń kán sórí ẹ̀gúsí. Mi ò pè é, mi ò sì fà á mọ́ra. Mo jẹ́ kó fẹ̀yìn tì mí bẹ́ẹ̀, torí èmi náà ń wá ẹni tí n óò fara tì.