Ọjọ́ Kan Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ní Gbé Orí Wá Bá Màmá Mi

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tún wo ẹni tó ń sọ pé ó rẹ òun o, ẹni tó máa ń dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Màmá mi ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Onídìrí ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní àdúgbò Woliwo ní Onitsha, nísàlẹ̀ ilé tá à ń gbé, wọ́n sì ti ń dúró lẹ́yìn orí àwọn èèyàn láti ìgbà tí mi ò tíì mọ orúkọ ara mi. Èmi ní tèmi, pólì ni wọ́n rán mi lọ pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ní ọdún kejì, mo kó ẹrù mi padà sí Onitsha, mo ń retí kí ẹnì kan wá bẹ̀ mí pé kí n padà. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tíì wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga oníbàárà. Ẹsẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ni wọ́n wí. "Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbé orí wá bá mi. Kí n kàn jókòó, kí n máa wo omi tó ń já bọ́ látorí àpáta, bíi ti ìlú wa."

"Ogbunike ńkọ́? Ó kúkú súnmọ́. Omi wà nínú ihò àpáta ibẹ̀."

"Ogbunike! Ṣé o ti rí àtẹ̀gùn ibẹ̀? O fẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ lọ, kí ẹ wá máa fi okùn fà mí gòkè bíi garawa?"

Bí mo ṣe gbé fóònù nìyẹn. Mo rí igbó ìjọba kan lápá Cross River, irú èyí tí wọ́n ń pè ní náṣọ́nà páàkì, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi tàbí pa ẹran níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà tó lọ síbi omi náà tẹ́jú, pé ó rọrùn. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà.

"Ọ̀gá, abeg, that road, mama wey leg dey pain fit waka am?"

"If she fit waka go market, she fit waka am. Make she just wear shoe wey get teeth."

Ètò mi wá dára débi pé ẹ̀rù ara mi bà mí. Ká gbéra láàárọ̀ Sátidé, ká sùn sí ilé àlejò kan nítòsí igbó náà, ká rọra rìn dé ibi omi láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí màmá jókòó títí ìjókòó á fi sú wọn, ká padà. Mo bá wọn ra bàtà eléyín. Mo tiẹ̀ ní ká máa rìn káàkiri àdúgbò fi dánrawò. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a jáde, a ò tíì kọjá ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dúró sí tí obìnrin kan ti tú gèlè, ó ní kí màmá bá òun wo ibi tí irun ti ń já. Bá a ṣe padà sílé nìyẹn.

Ibi tí mo ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyí. Màmá ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ò ní sí nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, kí n lọ sọ fún bàbá ẹgbẹ́ wa. Bàbá yìí ló ń darí ìpàdé àwa Yorùbá ládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò nínú wa, ó gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn ni wọ́n máa pè. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju pé màmá ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ ibi tó ti ń dúró. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún ṣí fóònù, mo ń fi fọ́tò omi han bàbá.

Bàbá wọ awò ojú. "Ẹ̀yin méjì péré? Ṣé ẹ ń sá fún wa ni?"

"Rárá, sà."

"Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ ti jáde ṣe fàájì. Gbogbo wa la jọ ń lọ."

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ṣì wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jiyàn látilẹ̀?

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì. Àwọn télọ̀ ń lọ, ọkùnrin báńkì tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn ń kó ìyàwó àtọmọ bọ̀. Ìyá onílé wa tó jẹ́ Igbo náà yọjú: "Nne, carry me go o!" Àwọn obìnrin wá ṣèpàdé lórí oúnjẹ. Ta ni mọ́ínmọ́ín ẹ̀ máa ń dára jù? Màmá mi. Ta ló ní ìkòkò ńlá? Màmá mi náà ni.

Ẹ dúró, kò tíì tán. Obìnrin wo ló máa fi irun wúruwùru jáde, tí wọ́n á tún máa ya fọ́tò nídìí omi? Lọ́jọ́ Fúráìdé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù dé ìta. Irun ìjáde ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Ẹ̀wà wà nínú omi lẹ́yìnkùlé, orí wà níwájú màmá, òmíràn ń dúró. Wọ́n wò mí nínú dígí.

"O ṣeun o, ọmọ mi. Ètò rẹ dáa."

Mi ò gbọ́ èébú tó dùn mí tó báyẹn rí, láti pólì títí débí.

"Màmá, ẹ kúkú má lọ mọ́."

"Kí wọ́n wá ní mo ń gbéraga? Fún mi ní kóòmù yẹn."

Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, màmá ti se oúnjẹ tán, wọ́n jókòó sórí ìbùsùn láti wọ bàtà. Wọ́n wọ ẹsẹ̀ kan, wọ́n fi orí ti ògiri díẹ̀, oorun sì gbé wọn lọ. Mo ń wò wọ́n. Ẹnu wọn là sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé, ó ń fọn fèrè.

Mo gbé kúlà oúnjẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá sọ̀kalẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì.

"Ìyá ẹ dà?"

"Wọn ò lọ mọ́, sà."

"Àìsàn ni?"

"Oorun ni, sà."

"Ṣé oorun lò ń sọ fún mi? Lọ jí wọn!"

"Mi ò ní jí wọn, sà."

Mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò dọ̀bálẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń yọrí lójú fèrèsé.

"Abájọ tó ò fi lè ka ìwé parí," ni bàbá wí. "Olóríkunkun!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹnì kan nínú bọ́ọ̀sì ní ìyà ló ń jẹ ìyá mi lórí ọmọ. Ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n lọ. Mo lọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Oòrùn ti mú kí màmá tó lajú.

"Bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Wọ́n bínú?"

"Èmi ni wọ́n bínú sí."

"Ìyẹn ti mọ́ ẹ lára." Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bọ́ bàtà kan yẹn.

Nígbà náà lẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. "Mama! Mama, you dey? Na small hair I wan make!" Màmá gbé ọwọ́ lé ìbùsùn bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mo fi ìka sẹ́nu. Àwa méjèèjì dákẹ́ síbẹ̀ bí olè, a ń gbọ́ bó ṣe ń gbá a, títí bàtà ẹ̀ fi ń dún lọ.

Màmá kọjú sí ògiri, wọ́n tún sùn.