Àwọn Tí Kò Kí Wa Lẹ́nu Géètì

Ìgbà òtútù tó ṣáájú èyí tí àrùn kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé ni. Ọmọ ọmọ mi, Sàfíyà, tó ń ka ìtàn Amẹ́ríkà fún ìdánwò, ló rán mi létí rẹ̀ níjọ́sí.

“Grandpa, àwọn Irish yìí, wọ́n fìyà jẹ wọ́n gan-an nígbà tí wọ́n débẹ̀. Àwọn náà tún wá ń lé àwọn ará Ṣáínà. Báwo?”

Mo ní kó jókòó. Ní Peckham níbí, nílùú òyìnbó, irú rẹ̀ ṣojú mi.

Àwa tí à ń gbálẹ̀ ọsibítù kan la daṣẹ́ sílẹ̀, torí ọ̀gá tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọsibítù kì í sanwó fún ẹni tó bá ṣàìsàn. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi kó àwọn ará Bòlífíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wá, kí wọ́n gba iṣẹ́ wa ṣe. Wọ́n kọjá níwájú wa lẹ́nu géètì láàárọ̀, wọ́n dorí kodò. Ẹnikẹ́ni ò kí wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bó ṣe dùn wá tó. Pé ebi ń pa wọ́n, ó yé wa. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kọjá lára àgbà láàárọ̀ láìkí i!

Rísì, tí a jọ ń gbá wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ló kọ́kọ́ pariwo. “Ẹ ò rí ìgbéraga? Àná ni wọ́n dé! Kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá, jàre!”

Mo ní, “Rísì, ìwọ ńkọ́? Níbo lo ti wá?”

“Alhaji, èmi ní ìwé ìgbélùú!”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ‘padà síbi tí o ti wá’ yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó fi pàdé èmi náà ní Lewisham nígbà tí mo dé. Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lẹ́nu géètì yẹn, ìyáálé fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sájà.

Ara Rísì kò gbà á mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dá obìnrin kan nínú àwọn ará Bòlífíà náà dúró, Rósà. “Madam, good morning! Àbí ẹnu ń dùn ọ́ ni?”

Rósà wo ẹ̀yìn. Ó rọra fi òyìnbó tí kò dán sọ ọ́: ọ̀gá ní a ó lù wọ́n, bí òun bá sì rí ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀, òun yóò pe Ìmígíréṣọ̀n, àwọn tó ń kó ẹni tí kò níwèé kúrò nílùú.

“Àwa?” Rísì nàka sí mi. “Alhaji tí kò lè tẹ orúnkún yìí ni yóò lù yín?”

Rósà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, òun àtàwọn tirẹ̀ kò wọlé mọ́. Ẹ̀gbẹ́ wa ni wọ́n dúró sí. Ṣé ẹni tó ń bẹ̀rù nítorí oúnjẹ kì í wo ọ̀gá tó gbé abọ́ dání; ẹni tó jókòó tì í ló máa ń wò. Ọ̀gá mọ èyí. Nígbà tí kò rí ẹni gbálẹ̀ mọ́, ó gbà láti máa sanwó fún ẹni tó bá ṣàìsàn.

Láàárọ̀ tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ Ìmígíréṣọ̀n tí ọ̀gá fi dẹ́rù bà wọ́n ti wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ń ti Rósà wọnú rẹ̀ nígbà tó bojú wẹ̀yìn.

“Good morning, Aunty.”

Rísì bú sẹ́kún. Ẹnì kan nínú wa ní, “Ó ṣáà ti tán, a ti gba tiwa.” A sì wọlé lọ gbálẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gba lọ́yà fún Rósà àtàwọn tirẹ̀; kí lọ́yà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Ìmígíréṣọ̀n ti kó wọn kúrò nílùú.

Sàfíyà ní, “So, ẹ borí àbí ẹ ò borí?”

Mo fi orúnkún mi hàn án. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, owó àìsàn tí a jà fún ni mo fi jẹun títí ó fi san. Rósà wà nínú gbogbo ìrìn tí mò ń rìn. Ibi tó wà ni n kò mọ̀, tí ǹ bá fi rìn lọ kí i.