Ilé Tó Kẹ́yìn Kí Omi Tó Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí àìsàn dá ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, dùbúlẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní kí a bá òun mú ọmọ òun ọkùnrin, àbúrò ìyá mi, wá láti Èkó, kí òun fojú kàn án kí òun tó lọ. Ó ti tó ogún ọdún tí ọkùnrin náà ti wálé kẹ́yìn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sílé. Ó dárúkọ àdúgbò, ó sì júwe ilé rẹ̀: "Ẹ máa bọ̀ títí ẹ ó fi rí ọ̀sà. Ilé tèmi ló kẹ́yìn kí omi tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá tutù, ẹ ti kọjá mi."

Èmi ni mo tẹ̀lé ìyá mi lọ. Tíṣà ni mí nígbà náà, a wà ní ìsinmi, inú mi ò sì dùn, nítorí ìyá mi kì í gba ìmọ̀ràn. Ó di iṣu sínú àpò, a wọ lọ́rí, ó di Èkó.

A dé àdúgbò, kò sí omi. Títì ọ̀dà gbọọrọ la bá, mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀. Ìyá mi bi obìnrin kan tó ń dín àkàrà pé, "Níbo lẹ gbé omi yín sí?" Ó ní ìjọba ti fi iyanrìn dí i, ọ̀sà ti sún síwájú. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà; àwa béèrè, a ṣì í.

"Tó bá ti sún, jẹ́ ká lọ bá a níbi tó sún dé," ni ìyá mi wí. Mo ní ilé kì í bá omi rìn. Ó ní ṣé èmi ni mo kọ lẹ́tà ni?

Ilé tó kẹ́yìn kí omi tó bẹ̀rẹ̀ wá jẹ́ ọ́fíìsì alájà mẹ́rin, tí ọlọ́dẹ ń ṣọ́. Ìyá mi lọ ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó tutù, ó padà sẹ́yìn, ó ní kí ọlọ́dẹ pe àbúrò òun jáde. Ọlọ́dẹ ní ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀. Ìyá mi ní irọ́ ni, ó jókòó lé àpò iṣu. Ojú gbà mí tì. Akọ̀wé kan jáde, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ilé, ó wo omi. Ó ní, "Ibí yìí náà ni lẹ́tà kúkú wí." Ló bá wọlé lọ wò bóyá ẹnìkan ń gbé lókè tí wọn ò sọ fún òun. Kò rí ẹnikẹ́ni, ó sì gbé àga jáde fún ìyá mi.

Nírọ̀lẹ́, ọlọ́dẹ ní ká dìde. Ohùn ìyá mi ga: "Ulé àbúrò mi rè é! Ulé àbúrò mi ni mo jókòó sí!" Ọkùnrin apárí kan tó ń ti wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ ojú omi, bọ̀ dúró gbọnrangandan. Ta ní ń pe ilé ní "ulé" ní Èkó bí kì í ṣe ará wa? Ó yíjú, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lójú títì.

Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. A ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tí kò kọ̀wé pé omi ti kúrò. Ó fọwọ́ họ orí. "Mo rò pé ó máa padà wá ni."

Ìyá àgbà ṣì wà láàyè nígbà tí a mú ọmọ rẹ̀ dé Ìkọ̀lé, ojú rẹ̀ sì ríran kedere. Inú mi dùn, mo rò pé ó parí. Ó wo orí apárí, ó wo ikùn, ó wo eyín tó ti ká. Nílẹ̀ wa, "ìwọ" là ń pe tọmọdé tàgbà, kò sí àrífín níbẹ̀. Àlejò là ń pe ní "ẹ". Ìyá àgbà di ọwọ́ ọmọ tó bí mú.

"Ẹ kú ìrìn o," ló wí. "Ọmọ mi ò lè wá ni?"

Ìyá mi ṣàlàyé títí, ó pariwo, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní òun lòun bí ọmọ òun: irun rẹ̀ kún, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó lò kẹ́yìn láyé, ọkùnrin náà ló ń fún un ní ẹ̀kọ mu, tó ń gbé e síta gba oòrùn. Ìyá àgbà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó ní, "Bí ẹ bá padà dé Èkó, ẹ bá mi kí ọmọ mi. Ẹ sọ fún un pé mo retí rẹ̀."

Àbúrò ìyá mi ní òun á jíṣẹ́.